Kenwood TS-440S tòkunbọ̀ ní Àgbádárìgì: ẹ kọ́kọ́ wo gọ́ọ̀mù inú rẹ̀

Rédíò tó jáde lọ́dún 1986 kì í ṣe ọmọdé mọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kọ́ ló ń pa Kenwood TS-440S. Gọ́ọ̀mù ni. Ẹni tó bá mọ ibi tí gọ́ọ̀mù náà wà, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, á rí rédíò hámù gidi, èyí tí àwọn èèyàn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé, rà lówó pọ́ọ́kú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ra àpótí onífáànù kan tí àmì ìdánudúró tò sí lójú.

Ohun tí ẹ ń rà nìyí: 100 wáàtì lórí SSB (ohùn ẹnu) àti CW (ìpè Morse), pẹ̀lú gbogbo báǹdì hámù, ìyẹn apá ìgbì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún hámù, láti 160 mítà dé 10 mítà, títí kan 30, 17 àti 12 mítà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bíi TS-520 kò ní. Etí rẹ̀ ń gbọ́ láti 100 kHz dé 30 MHz, nítorí náà ṣọ́ọ̀tì wéèfù àwọn ilé iṣẹ́ rédíò òkèèrè náà ò fò ó dá. Kò ní àwòrán ìgbì tó ń ṣàn lójú bíi ti àwọn tuntun. Tí ariwo bá wọlé, NB, NOTCH àti IF SHIFT, àwọn ohun èlò ìdín-ariwo inú rẹ̀, nìkan ni ẹ ní láti fi bá a jà.

Iná ni ìdí àkọ́kọ́ tó fi bá ibí mu. 13.8V ni oúnjẹ rẹ̀, láti 12V dé 16V sì ni ó lè gbà. Bátìrì 12V tó wà lábẹ́ sólà nílé lè gbé e tààrà, láì gba inú ínfátà kọjá rárá. TS-520S àti àwọn oní-fáàfù ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúró de 220V. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, àyàfi kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ náà á sì tún máa pariwo sínú rédíò.

Wáyà ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Tí ẹ bá ń gbọ́ nìkan, bíi 2A ni rédíò yìí ń jẹ. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ní 100 wáàtì, ó lè fa tó 20A. Wáyà 2.5 mm² tí àwọn oníná fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, tó bá gùn ní mítà 5 láti bátìrì dé ìdí rédíò, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ á jẹ bíi 1.5V nígbà tí 20A bá ń kọjá. Bátìrì tó ní 12.6V á wá di 11V lójú rédíò. Ohùn yín á máa wó, ẹ ó sì rò pé rédíò ló bàjẹ́. Lo 10 mm² fún ọ̀nà kan náà, ohun tí á sọnù kò ní ju bíi 0.4V lọ. Físì 20A gbọ́dọ̀ wà nítòsí bátìrì, kì í ṣe nítòsí rédíò, torí wáyà tó wà láàárín méjèèjì ni físì náà ń ṣọ́.

Tí ínfátà yín bá jẹ́ ti 24V, bátìrì méjì ló so kọ́ra níbẹ̀. Ẹ má fa 12V lára ọ̀kan nínú wọn. Èyí tí ẹ ń fà lára rẹ̀ á máa gbẹ, ẹnì kejì rẹ̀ á máa yó ju bó ṣe yẹ lọ, láìpẹ́ méjèèjì á kú. Bátìrì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí ẹ fún rédíò.

Ó wá ku gọ́ọ̀mù. Nígbà tí wọ́n ń ṣe rédíò yìí, wọ́n fi gọ́ọ̀mù rírọ̀ kan bo àwọn kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ VCO kí wọ́n má bàa máa gbọ̀n. VCO ló ń ṣe ìgbì tí rédíò fi ń rìn láti fíríkúẹ́ńsì kan bọ́ sí òmíràn. PLL ló ń dì í mú kó dúró síbi tí ẹ yí i sí. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, gọ́ọ̀mù náà ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, iná bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń jẹ ẹsẹ̀ àwọn páàtì tó bò mọ́lẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ, ó ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Àgbádárìgì tí ọ̀sà wà lẹ́nu ọ̀nà, tí òkun sì wà lẹ́yìn erékùṣù Gberefu, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Rédíò tó ṣiṣẹ́ dáadáa nílùú òyìnbó lè débí kó sì dákẹ́ láàárín òjò kan sí èkejì.

Tí PLL ò bá dì í mú mọ́, nọ́ńbà á pòórá lójú rédíò, àmì ìdánudúró á tò síbẹ̀, kò ní gbọ́, kò sì ní sọ̀rọ̀. Kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lójijì. Ó lè kọ́kọ́ jẹ́ lórí báǹdì kan ṣoṣo, tàbí láàárọ̀ nìkan nígbà tí ọ̀rinrin pọ̀, tó bá sì gbóná tán nọ́ńbà á padà wá. Ẹni tó ń tà á á ní, “Ó kàn fẹ́ gbóná díẹ̀ ni.” Ẹ dín owó rẹ̀ kù níbẹ̀, tàbí kí ẹ máa lọ sílé.

Àtúnṣe rẹ̀ ṣeé ṣe, àmọ́ ó gba sùúrù. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ tú ìdérí, ẹ ya fọ́tò ibi tí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan wà kí ẹ tó fa ẹyọ kan jáde. Kí ẹ tó fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù, ẹ fa gbogbo púlọ́ọ̀gì bọ́ọ̀dù PLL kí ẹ sì tì wọ́n padà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà mìíràn púlọ́ọ̀gì tó dógùn-ún tàbí léèdì tó là ni gbogbo wàhálà náà. Bí kò bá yí padà, ẹ yọ bọ́ọ̀dù náà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná díẹ̀ á mú gọ́ọ̀mù rọ̀. Igi ìtayín ni kí ẹ fi wà á, ẹ má lo irin, torí wáyà kọ́ìlì ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ẹ fi búrọ́ṣì ìfọyín àti ọtí isopropyl 99% fọ èyí tó kù. Omi pọ̀ jù nínú ti 70% tí wọ́n ń tà nílé oògùn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún odidi ọjọ́ kan.

Páàtì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ń hu ìdógùn-ún aláwọ̀ ewé, ẹ yọ ọ́ dànù kódà bí mítà bá ní ó ṣì dára. Irú kàpásítọ̀ tí ìwé àtúnṣe Kenwood dárúkọ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò, kì í ṣe èyí tó ṣáà ti ní iye kan náà. Bí kàpásítọ̀ bá ń yí padà nínú ooru, fíríkúẹ́ńsì á máa sá lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù mìíràn sí i o, ìyẹn gọ́ọ̀mù gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ bàtà tàbí ti oní-fóònù. Ìda oyin yíyọ́ díẹ̀ tó láti mú kọ́ìlì dúró. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wọn fóltì VCO kọ̀ọ̀kan bí ìwé àtúnṣe ṣe là á sílẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe. Ẹ má yí ohunkóhun kí ẹ tó kọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó ń tún fóònù ṣe lọ́wọ́ tó mọ́ fún yíyọ gọ́ọ̀mù yìí ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lọ, bí wọ́n bá ṣáà ti dín ooru ẹ̀rọ wọn kù gan-an. Èyí tí wọ́n fi ń yọ IC fóònù á yọ́ púlọ́ọ̀gì Kenwood di amọ̀. Wíwọn VCO ni kí ẹ má fi lé wọn lọ́wọ́ láìsí ìwé àtúnṣe.

Tí ẹ bá lọ wò ó lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ mú dummy load 50 ohm (ohun tó ń gba agbára rédíò dípò ẹ̀rìàlì) tó lè gba 100 wáàtì dání, àti mítà SWR, tó ń fi agbára tó ń padà láti ẹ̀rìàlì hàn. Ẹ tàn án nígbà tó ṣì tutù, kì í ṣe lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ ti tàn án sílẹ̀ dè yín. Ẹ yí i láti ìsàlẹ̀ dé 30 MHz, ní 500 kHz sí 500 kHz, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀. Ẹ tún ṣe é lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ tẹ bọ́tìnì nọ́ńbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà abẹ́ wọn máa ń kú, ṣùgbọ́n ọtí isopropyl ló sábà máa ń jí i. Ẹ sọ̀rọ̀ jáde sínú dummy load lórí báǹdì kọ̀ọ̀kan: bí 100 wáàtì bá wà lórí 40 mítà, tí 10 mítà sì wá kù díẹ̀, kò burú, bí gbogbo báǹdì bá fún yín ní 20 tàbí 30, tiransísítọ̀ ìparí, àwọn tó ń fún ìgbì ní agbára, ni kí ẹ fura sí. Bọ́tìnì AT TUNE wà níwájú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ní tuner, ohun tó ń bá rédíò mú ẹ̀rìàlì bára mu, nínú. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ́tí: tó bá wà, ẹ ó gbọ́ mọ́tò kékeré tó ń yí.

Fún etí rẹ̀, 14.100 MHz ni ẹ máa lọ. Ibẹ̀ ni àwọn ibùdó 18 káàkiri ayé ti ń gbé àmì ìpè wọn jáde ní CW, ìṣẹ́jú àáyá 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wọn á yí po láàárín ìṣẹ́jú 3. Ohùn gígùn mẹ́rin ni ibùdó kọ̀ọ̀kan ń fà lẹ́yìn àmì ìpè rẹ̀, agbára rẹ̀ ń dín kù: 100 wáàtì, 10, 1, àti 0.1. Rédíò tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ibùdó Kẹ́ńyà, 5Z4B, ní àkókò tí rédíò mìíràn lórí ẹ̀rìàlì kan náà ń gbọ́ ọ, ní àìsàn.

Bátìrì kékeré inú rẹ̀ kò yẹ kó dẹ́rù bani. Tó bá kú, àwọn fíríkúẹ́ńsì tí ẹ fi pamọ́ ló máa sọnù, rédíò á ṣì máa ṣiṣẹ́. Àwọn Icom kan wà láyé ìgbà náà, IC-751 jẹ́ ọ̀kan, tó jẹ́ pé bí bátìrì bá kú, ìtọ́ni tí rédíò fi ń ronú á bá a lọ. Ẹ má gbé ìbẹ̀rù ti ìyẹn wá síbí.

Gbohùngbohùn oníhò 8 ti Icom máa wọ ihò Kenwood pẹ́kípẹ́kí, kò sì ní ṣiṣẹ́. Lórí Kenwood, ẹsẹ̀ 1 ni ohùn, 2 ni PTT (bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀ láti sọ̀rọ̀), 7 ni ilẹ̀ ohùn, 8 ni ilẹ̀ PTT. Ẹ tún wáyà inú púlọ́ọ̀gì so.

Ẹ̀rìàlì ni Àgbádárìgì ti ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, torí igi àgbọn wà. Dipole (ẹ̀rìàlì oní-wáyà apá méjì) fún 40 mítà gba nǹkan bíi mítà 10 ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé e ní 10.4, kí ẹ sì máa dín in díẹ̀díẹ̀ títí SWR á fi sọ̀kalẹ̀ jù lọ ní 7.1 MHz. Á tún ṣiṣẹ́ fún yín lórí 15 mítà lófẹ̀ẹ́. Àgbọn ń fì nínú atẹ́gùn, nítorí náà ẹ má so okùn mọ́ igi méjèèjì pinpin: ní apá kan, ẹ gba okùn inú púlì, kí ẹ so kẹ́ẹ̀gì oníyanrìn sí ìdí rẹ̀ kó máa gòkè kó máa sọ̀kalẹ̀. Ẹ máa gé imọ̀ tó ti gbẹ lórí kó tó já lu wáyà. Wáyà oní-rọ́bà ni kí ẹ lò, kì í ṣe kọ́pà ìhòòhò, kí ẹ sì fi téèpù rọ́bà tó ń lẹ ara rẹ̀ wé ibi tí coax, wáyà tó lọ láti rédíò sí ẹ̀rìàlì, ti là sí méjì. Iyọ̀ tó bá ti wọ ibẹ̀ á máa rìn nínú coax títí á fi dúdú ní mítà mélòó kan. SWR kò ní sọ fún yín, torí coax tó ti bàjẹ́ ń gbé agbára mì, mítà á sì máa rẹ́rìn-ín.

Fún FT8 (ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kọ̀ǹpútà ń fi rédíò ránṣẹ́), ihò ACC2 lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ máa lò: ohùn ń jáde ní ẹsẹ̀ 3, ó ń wọlé ní 11, PTT ni 9. Ìgbì FT8 kò ní ìsinmi fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 13 nígbà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 30 sí 40 wáàtì tó. Nínú ooru wa, ẹ má fi gbogbo 100 wáàtì ṣe é. Tí kọ̀ǹpútà bá ní láti máa yí fíríkúẹ́ńsì, ó nílò IC méjì tí Kenwood ń pè ní IC-10 nínú rédíò àti IF-232C, àpótí ìsopọ̀, lóde, ní 4800 baud. Ọ̀pọ̀ kò ní IC-10 náà. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Gbígbọ́ kò ṣòro, ṣùgbọ́n sísọ̀rọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba àti àmì ìpè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Rédíò tó ti Amẹ́ríkà wá á gbà yín láàyè láti sọ̀rọ̀ dé 7.300 MHz lórí 40 mítà àti dé 4.000 lórí 80. Tiwa parí sí 7.200 àti 3.800. Òkè 7.200 jẹ́ ti àwọn ilé iṣẹ́ rédíò. Voice of Nigeria ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí, lórí 7255 kHz. Rédíò kò ní kìlọ̀ fún yín.