Kíláàsì orin Sátidé tí mo fi ọmọ mi sí l'Óṣogbo: owó mi ò ṣègbé, àmọ́ mo lẹ́jọ́ rò

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo fẹ́ sọ dáadáa wọn mo sì fẹ́ sọ èyí tó dùn mí, mi ò fẹ́ kí ẹnì kankan wá ká mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ti gba apá Òkè-Fíà kọjá lọ́sàn-án Sátidé tó gbọ́ tí àwọn ọmọ ń han dò-re-mí láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ó ti mọ ibi tí mò ń wí.

Ọmọ mi obìnrin, ọdún 12, òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó ní wọ́n wá sílé-ìwé àwọn, wọ́n ń ṣa ọmọ sínú ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́, pé ohùn òun wù wọ́n. Ọ̀fẹ́ kọ́ o, ₦10,000 lóṣù, aago 2 sí aago 5 ní gbogbo Sátidé. Èmi tí mò ń ta pílánkì, tá a jẹ́ Mùsùlùmí nílé, mo ní orin kẹ̀? Ìwé ńkọ́? Ìyá ẹ̀ ló ní kí n kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ ná kí n tó lanu. Mo débẹ̀, mo rí i pé orin ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kọ́ ni wọ́n ń kọ, orin Yorùbá ló pọ̀ jù, àwọn ọmọ oníhíjáàbù tó mẹ́fà sì wà láàárín wọn tí wọ́n ń lanu gbàgà. Mo bá sanwó oṣù kan, mo ní ká ṣì máa wò ó.

Oṣù àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ẹ̀ gbowó mi padà. Wọn ò kọ orin kankan! Wọ́n lẹ pépà gbàǹgbà kan mọ́ ògiri, d r m f s l t, tí wọ́n tò ó sókè bí àkàbà, tísà á mú igi dání, á máa fi tọ́ka, ibi tó bá tọ́ka sí ni àwọn ọmọ máa fohùn gbé, ó lè fò láti dò lọ sí sò lójijì, bí wọ́n bá ṣì í, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko. Mo lọ bá a. Àgbà ọkùnrin kan ni, ó tín-ín-rín, kì í jókòó. Ó ní, "Alàájì" (mi ò tíì dé Mẹ́kà rí o, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ẹni tó bá ti dé fìlà), ó ní, "Ẹ bá mi pe ohun tẹ́ ẹ wọ̀ débí." Mo ní ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ pe ohun tí àgbẹ̀ fi ń roko." Mo ní ọkọ́. Ó ní, "Tí mo bá gbé ohùn yín lọ sókè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, ṣé ẹ rí i pé ọkọ́ lẹ máa gùn lọ sílé?"

Ó bá jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Pé láyé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì, ohùn orin Òyìnbó ni wọ́n mú, wọ́n kàn da ọ̀rọ̀ Yorùbá lé e lórí, orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, àwọn bàbá wa ń kọ ohun tí wọn ò ní lọ́kàn. Ó ní T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó di ẹni tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kráìstì l'Ékòó lọ́dún 1914, wà lára àwọn tó tún un rò, pé ohùn tó wà nínú ọ̀rọ̀ ló yẹ kó máa júwe ọ̀nà fún orin. Bí ọmọ ò bá mọ̀ ìgbà tí ohùn ẹ̀ wà lókè àti ìgbà tó wà nísàlẹ̀, kí ló fẹ́ kọ? Mo dákẹ́. Mo sanwó oṣù kejì.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Àmì ohùn tó máa ń fún un ní wàhálà nínú iṣẹ́ àṣetiléwá Yorùbá, ṣebí dò-re-mí náà ni wọ́n fi ń kọ́ wọn nílé-ìwé, dò nísàlẹ̀, re láàárín, mí lókè, ọmọ yìí ò ṣì í mọ́. Ó á kọ́kọ́ kùn ún lẹ́nu, á wá fàmì sí i. Èmi gan-an ti ń jí i kọ́.

Ìgbà tó dé oṣù kẹta ni wọ́n pín wọn sí ohùn. Èmi ti ń retí sopuránò, àwọn tí ohùn wọn ga jù, kó wá máa dá kọ níwájú, kí n máa tọ́ka sí i. Wọ́n fi í sí áátò, ohùn tó wà lábẹ́ sopuránò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní áátò, ẹ bá mi dá sí i. Ohùn méjì ni ọmọ yìí ń kọ káàkiri ilé, re re re mí re, lówùúrọ̀, nígbà tó ń fọ abọ́, nígbà tó ń wẹ̀, kò sí orí kò sí ìdí. Ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ṣé orin lẹ ní ó ń kọ́ ni? Ó ń dún bíi fíríìjì." Bó ṣe di pé à ń pè é ní fíríìjì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n ráyè ro ẹjọ́ mi báyìí. Yúnífọ́ọ̀mù: ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ orin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé gbogbo ọmọ máa wọ àdìrẹ, ₦14,000. Àdìrẹ ò burú, ìlú aró la wà, ó sì bá wọn mu gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan! WhatsApp wọn, aago 11 òru ni wọ́n máa ń rántí pé káwọn ọmọ mú omi dání lọ́la. Wọ́n lè jáde aago 5, wọ́n lè jáde aago 6 kọjá, wọn ò ní pe ẹnì kankan, ọmọ á kàn dúró sẹ́nu géètì. Ti ẹni tó ya fídíò ló burú jù, mi ò tíì fẹ́ dé ibẹ̀.

Ọjọ́ orin bọ́ sínú oṣù kẹjọ, ìgbà tí àlejò Ọdún Ọ̀ṣun ti kún ìlú, sún-kẹẹrẹ láti Ọláìyá wá kì í ṣe kékeré. Aago 4 ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè, aago 5 kọjá 40 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ 38 jáde, tèmi wà ní ìlà kejì, ẹnì kẹta lápá òsì. Kò wo ibi tá a wà rárá, ọwọ́ tísà ló ń wò.

Wọ́n lanu. Mo ń wá ohùn ọmọ mi. Mo na ọrùn, mo fi ọwọ́ bo etí kan bóyá èkejì á gbọ́ ọ, mi ò rí i mú, inú ti fẹ́ máa bí mi pé ₦10,000 fún oṣù mẹ́jọ, n ò wá lè gbọ́ ọmọ tí mo bí. Ìgbà yẹn ni Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Fíríìjì nìyẹn!" Lóòótọ́ ni. Re re re mí re. Kì í ṣe ohùn ọmọ mi nìkan, àwọn áátò mẹ́sàn-án ni wọ́n jọ gbé e, ó wà lábẹ́ orin yẹn bí òpó ṣe ń wà lábẹ́ òrùlé, àwọn sopuránò ń fò lókè tí wọ́n ń gba àtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n orí ẹ̀ ni wọ́n dúró lé. Gbogbo ìranù tá a ti ń gbọ́ nílé láti ọjọ́ yìí ní ibi tó ń lọ. Ìyá mi ń sọ máṣáàláhù, wọ́n ń fi ìborùn nujú. Èmi ní eruku ló kó sí mi lójú.

Nígbà tó parí mo sọ fún tísà pé mi ò gbọ́ ọmọ mi lọ́tọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Alàájì, bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ lọ́tọ̀, á jẹ́ pé ó bà á jẹ́ nìyẹn."

Ó dáa, fídíò. Mo san ₦5,000. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Àwọn ẹni ńlá tó jókòó níwájú, a rí wọn kedere, a rí kéèkì. Ọmọ mi? Fìlà ọkùnrin kan ló wà níwájú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tí mo fi fóònù mi yà, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òun ni mò ń wò.

Tó bá jẹ́ ìràwọ̀ márùn-ún ni wọ́n ń fún èèyàn, mẹ́rin ni mo fún wọn, ìyókù yẹn, kí wọ́n lọ gbà á lọ́wọ́ oní-fídíò. Ẹni tó fẹ́ fi ọmọ síbẹ̀, kó béèrè owó yúnífọ́ọ̀mù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó fọ̀rọ̀ síwájú pé òun fúnra òun ló máa wá mú ọmọ, kó sì má jẹ́ kí oṣù àkọ́kọ́ sú òun.

Mo ti san ti oṣù tó ń bọ̀, àbúrò ẹ̀ náà ní òun ń lọ. Fíríìjì wa tòótọ́ ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò tíì pe ẹni tó máa tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ilé ò dákẹ́.