Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí a rà fún Bàbá ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí a ti ra ẹ̀rọ náà ló jẹ́ kí n kọ èyí. Àga wà níwájú bàbá mi, ó ní, "Daddy, ẹ sún un." Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò: "Ta ni kí n fún? Èló ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó kọjú sí mi: "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀ jàre, ọpọlọ Daddy ti ń lọ." Lójú wọn! Àwọn tó ń ṣírò owó rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn, lórí láìwo ìwé! Ló bá tún ń pariwo mọ́ wọn létí bí ẹni ń pe èrò ní gáréèjì Ìbàdàn. Mo ti gbé báàgì mi, a ti ń lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń yẹ etí wò ló sáré jáde. Ó kí Bàbá dáadáa, ó jókòó kojú wọn, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó ní bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, ìró tínrín bíi s, f àti ṣ ló kọ́kọ́ ń sá fún etí. Ohùn ọ̀rọ̀ kì í tètè lọ, ìyẹn ni Bàbá fi gbọ́ "sún" bíi "fún". Ọpọlọ ló ń dí àlàfo náà. Níbi tó dákẹ́, kò nira. Níbi tí èèyàn púpọ̀ ti ń sọ̀rọ̀, agbára tó yẹ kí wọ́n fi rántí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń ná sórí kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Abájọ tó fi ń rẹ̀ wọ́n bí wọ́n bá ti ìpàdé dé! Ariwo sì ń da ọ̀rọ̀ rú fún irú etí bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fi ariwo sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó ní kí Bàbá máa tún un pè. Ó tún ní kí wọ́n ka nọ́ńbà padà sẹ́yìn. Wọ́n kà á bí ẹní mu omi. Mo wo ọmọbìnrin yẹn títí.

Nílé, ẹ̀rọ náà dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa pé bí a bá ti ṣí bébà ara bátìrì, afẹ́fẹ́ ti wọlé nìyẹn, á máa kú lọ bí a ò tilẹ̀ lò ó. Owó ṣòfò! Lọ́jọ́ Ojúde Ọba pẹ̀lú, ìlù àti ìbọn ló kó wọlé. Bàbá yọ ọ́ sápò. Mo pe ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú ìbínú. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ní ọpọlọ nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mọ ìró tuntun, ká sì máa kojú sí wọn bá wọn sọ̀rọ̀, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ó ti ń ṣiṣẹ́.

Bàbá ní kí n fún ṣọ́ọ̀bù náà ní ìràwọ̀ mẹ́rin. Méjì ni mo fún wọn.