Áńpílífáyà onítúùbù tàbí oníbátìrì: èwo ni kí ẹni tó ń fọn hàmóníkà rà ní Ìbàdàn?

Bó bá jẹ́ òde kékeré lẹ ti ń ṣeré, ìkómọjáde ní Òkè-Àdó tàbí ọjọ́ ìbí ní ilé-ọtí kan ní Bódìjà, níbi tí èrò kò ti ju ọgọ́ta lọ, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: áńpílífáyà onítúùbù tòkunbọ̀ tó jẹ́ wáàtì 5 sí 15 (túùbù ni àwọn ìgò kéékèèké inú ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń gbé ohùn sókè), ẹ̀rọ oníbátìrì bíi Roland Cube Street, tàbí kí ẹ ki máìkì bọ sípíkà onílé. Mo ti fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣeré. Onítúùbù jó mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Amẹ́ríkà ni èyí tí mo rà ti wá. Fólítì 120 ni tiwọn lọ́hùn-ún, tiwa ń lọ sí 230 tàbí 240. Mo mọ ìyẹn, mo sì ra sítẹ́pù-dáòn, ẹ̀rọ tó ń dín fólítì kù. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé wáàtì 15 tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀rọ, ohùn tó ń jáde lẹ́nu sípíkà ni, kì í ṣe iná tó ń fà. Wáyà tín-ínrín kan wà nínú túùbù kọ̀ọ̀kan tó gbọ́dọ̀ pọ́n kí túùbù tó ṣiṣẹ́, ó sì ń jẹ iná níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá wà ní títàn, ẹ fọn o, ẹ ò fọn o. Sítẹ́pù-dáòn oníwáàtì 100 ni mo rà. Ó gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, kò sì tíì tó wákàtí méjì tó fi kú. Bó ṣe ń kú lọ ló jẹ́ kí fólítì 240 wọ inú áńpílífáyà tààrà, tíráńsífọ́mà inú rẹ̀ sì jó.

Atúnrédíòṣe tí mo gbé e lọ bá ní Mọ́kọ́lá ṣí i, ó mi orí. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka iwájú." Òótọ́ ló sọ. Ẹ wo wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn, nítòsí ibi tí wáyà iná ti wọlé, kí sítẹ́pù-dáòn yín sì tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Síbẹ̀, fólítì nìkan ni sítẹ́pù-dáòn lè dín kù, kò lè yí Hertz padà, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. 60 ni ti Amẹ́ríkà, 50 ni tiwa, tíráńsífọ́mà tí wọ́n ṣe fún 60 nìkan a sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ níbí. Tó bá jẹ́ onítúùbù lọkàn yín fẹ́ dandan, ẹ wá èyí tó ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá, iná wọn bá tiwa mu.

Ká tiẹ̀ ní ẹ rí èyí tó dáa. Iná á lọ láàárín orin. Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, túùbù á tún máa gbóná fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú kó tó fọhùn, bí fíríìsà ilé-ọtí bá sì já wọlé, ohùn yín á máa lọ sókè sódò.

Bátìrì AA 6 ni Cube Street ń lò. Ní ìkómọjáde kan, iná lọ, sípíkà olórin dákẹ́, èmi àti onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò dúró. Ìyá àgbà tó gbé ọmọ dání ń jó lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Ẹ má ṣáà ra bátìrì olówó pọ́ọ́kú ẹ̀gbẹ́ títì, ti alkaline tàbí èyí tó ṣeé gba iná padà ni kí ẹ rà.

Ní ti ohùn, onítúùbù ló borí. Bí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì bo máìkì tí ẹ sì fọn ọ́n gidi, ohùn rẹ̀ á ha, á kún, bíi ti Little Walter, afọnhàmóníkà bulúùsì ní Chicago láàárín ọdún 1950 sí 1959. Àfarawé ohùn onítúùbù tó wà nínú Cube kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníwéré ti ń fọn hàmóníkà kí fújì tó gbòde, ohùn tó mọ́ gaara ni wọ́n fi ń bá ìlù rìn, èyí tí Cube sì ń gbé jáde nìyẹn.

Igbe máìkì, ìyẹn híhan tí ẹ̀rọ ń han bí máìkì bá gbọ́ ohùn sípíkà: onítúùbù ló ń ké jù. Bí ẹ bá fi 12AY7, túùbù tí kì í gbé ohùn sókè tó bẹ́ẹ̀, rọ́pò túùbù 12AX7 àkọ́kọ́, ó máa ń rọlẹ̀, àmọ́ Èkó ni mo ránṣẹ́ sí kí n tó rí i. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ má jẹ́ kó dojú kọ máìkì.

Máìkì: Cube Street ní ihò tí SM58, máìkì tí àwọn olórin ń lò, ń wọ̀ tààrà. Onítúùbù ń fẹ́ irú Green Bullet, máìkì hàmóníkà, tàbí kí ẹ fi tíráńsífọ́mà kékeré sáàárín òun àti SM58.

Ìwúwo: mo ń gbé Cube wọ máruwá.

Sípíkà onílé kò ná yín ní kọ́bọ̀, àmọ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni ohùn yín wà, ẹ kì í sì í gbọ́ ara yín.

Bí ẹ bá ní mọ́tò, tí ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣeré sì ní iná tó dúró ṣinṣin, ẹ ra onítúùbù. Mo tún tèmi ṣe, owó àtúnṣe rẹ̀ ju ìdajì owó tí mo fi rà á lọ. Ó wà ní pálọ̀, mo fi ń dánra wò lálẹ́ tí iná bá wà. Tí wọ́n bá pè mí sóde, oníbátìrì ni mo ń gbé.