SQL Server, Oracle àbí Postgres: ibo ló yẹ kẹ́ ẹ náwó ẹ̀kọ́ dátábéèsì yín sí?

Tó bá ti di àsìkò tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àwọn ìpàdé ńlá, ìbéèrè kan náà ló máa ń wọlé sórí WhatsApp mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ti tọ́jú owó díẹ̀, mo fẹ́ mọ iṣẹ́ dátábéèsì yìí dunjú, èwo ni kí n sanwó fún?" Àbúrò tó bi mí gbẹ̀yìn ń tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Íbàdàn, inú Excel ni gbogbo ẹ̀ wà, ọmọ ẹgbẹ́ sì ń pọ̀ sí i, fáìlì náà ti wúwo débi pé tó bá tẹ̀ ẹ́ láti ṣí i, á ti lọ bu omi mu kó tó ṣí. Mo kọ èsì gígùn ránṣẹ́ sí i, mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa jọ rí i.

Sọ́fítíwíà dátábéèsì, ìyẹn èyí tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ, mẹ́ta ni màá fi wéra, SQL Server ti Microsoft, Oracle, àti PostgreSQL tá à ń pè ní Postgres. Kì í ṣe sọ́fítíwíà fúnra ẹ̀ ni mò ń fi wéra o, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni àti ibi tí ìròyìn ẹ̀ ti ń jáde ni. Torí sọ́fítíwíà tó dáa bíi kí ni, tó bá daṣẹ́ sílẹ̀ láago méjì òru tí ẹ ò rẹ́ni bi, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dá a gbé. Kí n sì ti sọ tèmi síta látìbẹ̀rẹ̀: ibi tí ọwọ́ yín bá ti máa kan kíbọ́ọ̀dù jù lọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé owó lọ.

Àwọn ìpàdé ńlá

Oracle ni ariwo tiẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣe OpenWorld ní San Francisco, títí dé 2019, nígbà tó di 2022 wọ́n ti kó o lọ Las Vegas tí wọ́n ń pè é ní CloudWorld, 2025 tún dé, wọ́n sọ ọ́ di Oracle AI World. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kéde lọ́dún yẹn pé dátábéèsì tá a ti mọ̀ sí 23ai ti di Oracle AI Database 26ai. Ẹ rí i, ibi ìkéde ni, ìròyìn ń gbóná níbẹ̀. Àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ti ju 1,000 dọ́là lọ, owó físà Amẹ́ríkà 185 dọ́là, bí wọ́n fún yín bí wọn ò fún yín ẹ ò ní rí i gbà padà, ẹ ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ẹ ò tíì san owó òtẹ́ẹ̀lì.

Ti SQL Server ni PASS Summit ní Seattle. Ẹgbẹ́ PASS tó dá a sílẹ̀ ní 1999 kógbá sílé ní January 2021, torí ìpàdé yẹn gan-an ni owó ẹgbẹ́ ti ń wá jù, kòrónà ò sì jẹ́ kí èèyàn lè péjọ mọ́. Ilé iṣẹ́ Redgate ló ra orúkọ àti dúkìá ẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é lọ. Owó tiẹ̀ náà wúwo. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni àwọn ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń ṣáájú ìpàdé gangan, olùkọ́ kan, kókó kan, odindi ọjọ́ kan. Wọ́n máa ń gba owó ọ̀tọ̀ lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ibi tí ẹ̀kọ́ wà gan-an nìyẹn, ìyókù ẹ lè rí i kà nílé.

Postgres ò ní ilé iṣẹ́ kan tó ni ín, ìpàdé ẹ̀ náà ò sì dúró sójú kan. PGConf.EU wà ní Prague ní 2023, Athens ní 2024, Riga ní 2025. Físà Schengen 90 Euro, owó ìwọlé kéré gan-an sí ti Las Vegas, ọjọ́ àkọ́kọ́ sì máa ń jẹ́ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú owó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní PGConf.dev (Vancouver 2024, Montreal 2025, òun ló rọ́pò PGCon tí wọ́n ń ṣe n'Ottawa), àwọn tó ń kọ kóòdù Postgres fúnra ẹ̀ ló wà fún jù, ẹ má lọ sanwó sí i tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, fídíò wọn wà lórí YouTube, ẹ lọ wò ó.

Tí ọ́fíìsì bá máa sanwó fún yín, ẹ lọ PGConf.EU tàbí PASS, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé wọ́n san ti ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn. Ní ti Postgres, ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó tẹ́ ẹ jọ ń jẹun lè jẹ́ ẹni tó kọ ibi tó ń dà yín láàmú gan-an, irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ níbòmíì. Tó bá jẹ́ àpò ara yín ni, tẹ́ ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má lọ ìkankan nínú wọn lọ́dún yìí. Ẹ ṣì máa lọ.

Èyí tí kò ní mú owó lọ́wọ́ yín

SQL Saturday ló wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Orlando ní Florida ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ọjọ́ kan ṣoṣo, Sátidé, ọ̀fẹ́, àwọn olùkọ́ ń ṣe é torí ìfẹ́ iṣẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ tó fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ọjà wọn ló ń bá wọn gbé bùkátà ẹ̀. Nígbà tí PASS tó ń bójú tó o kógbá sílé, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun náà ti tán, ṣùgbọ́n àwọn ará gbé e, ó ṣì ń lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, ìpàdé SQLBits wà fún yín, wọ́n sì máa ń gbé fídíò àwọn ẹ̀kọ́ wọn sórí ìkànnì wọn fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Àwọn tó wà ní Yúróòpù lè lọ FOSDEM ní Brussels, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò tiẹ̀ ní forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì máa ń ya yàrá sọ́tọ̀ fún Postgres níbẹ̀.

Oracle ya mí lẹ́nu lórí eléyìí, torí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sí olówó gọbọi. Ẹ lọ sí apex.oracle.com, wọ́n á fún yín ní ààyè láti máa kọ́ áàpù lórí APEX, irinṣẹ́ wọn fún kíkọ́ áàpù, lọ́fẹ̀ẹ́, láìbèèrè káàdì báńkì. Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa, torí akáǹtì ọ̀fẹ́ tó wà lórí Oracle Cloud ń bèèrè káàdì, ẹ sì mọ bí káàdì náírà ṣe máa ń ṣe wá. LiveLabs tiwọn náà dáa púpọ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ sílẹ̀, ẹ̀ ń kà ẹ̀ ń ṣe. Microsoft Learn náà jẹ́ ọ̀fẹ́, SQL Server Developer jẹ́ ọ̀fẹ́ tó bá ti jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ ni, ẹ kàn má gbé e síbi tí oníbàárà ti ń lò ó. Postgres ní tiẹ̀, ọ̀fẹ́ ni látòkè délẹ̀, ìwé àlàyé ẹ̀ sì dáa débi pé mo ti rí ẹni tí kò lọ kíláàsì kankan tó fi ìwé yẹn mọṣẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì

Mo sanwó fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà kan, ọjọ́ méjì, 85,000 náírà, mi ò ní dárúkọ wọn. A jókòó nínú yàrá tó tutù nini, wọ́n fún wa ní ìwé àti bírò àti báàgì, olùkọ́ ń ka ohun tó wà lára ògiri fún wa láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ mi ò kan kíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé Postgres 9.6 tí wọ́n fi kọ́ wa, àwọn tó ń ṣe é ti pa á tì láti November 2021. Inú bí mi, owó oṣù tí mo fi làágùn ni.

Ìkejì jẹ́ Sátidé kan nínú kíláàsì ilé ìwé, kò sí AC, wọ́n yá pírójẹ́tọ̀, oúnjẹ nìkan la dáwó fún. Arákùnrin tó ń kọ́ wa fún wa ní ìlà 400,000 tó jẹ́ owó ìfipamọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ (orúkọ àwọn tí kò sí láyé ni), ó ní ká wá owó ọmọ ẹgbẹ́ kan jáde, ká wá fi EXPLAIN ANALYZE síwájú ìbéèrè wa, kó lè sọ ọ̀nà tí Postgres gbà wá a àti bó ṣe pẹ́ tó. Ó kọ Seq Scan, mílísẹ́kọ́ńdì 42. Ìyẹn ni pé Postgres ń ka gbogbo ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá orúkọ kan nínú ìwé tí wọn ò tò. Ó ní ká ṣe index, ìyẹn atọ́ka bí èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, ká kọ èyí:

CREATE INDEX ON ifowopamo (nomba_omo_egbe);

A tún un bi, Index Scan ló kọ, kò tó mílísẹ́kọ́ńdì kan. Mo ní ṣebí 42 náà kéré, ó ní ó kéré lóòótọ́ fún èmi nìkan, tó bá di ọjọ́ tí owó oṣù wọlé tí ọmọ ẹgbẹ́ 300 jọ ń wo àkáǹtì wọn ńkọ́?

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní ká ṣe backup, ká wá fi DROP TABLE pa téébù wa rẹ́, ká dá a padà. Ẹni tó jókòó tì mí pa tiẹ̀ rẹ́ kíá, ó wá lọ wo fáìlì backup ẹ̀, ó rí odo. Byte kan ò sí nínú ẹ̀. Pg_dump, irinṣẹ́ tí Postgres fi ń ṣe backup, tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà 14, sáfà (Postgres tí dátà wà nínú ẹ̀) jẹ́ ẹ̀yà 16, pg_dump tó bá kéré sí sáfà kì í gbà, ó ti sọ fún un, "aborting because of server version mismatch", kò kà á, fáìlì òfìfo ló dá sílẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́. Látọjọ́ yẹn, mi ò gbé backup kankan sílẹ̀ láì tíì dá a padà síbòmíì wò. Ẹ̀kọ́ tí owó oúnjẹ rà fún mi nìyẹn.

Ìròyìn àti déètì, ẹ má fojú fò ó

Ọdọọdún ni Postgres ń gbé ẹ̀yà tuntun jáde, nǹkan bíi September: 17 jáde ní 26 September 2024, 18 ní 25 September 2025. Ọdún 5 ni wọ́n ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 13 ti parí ní November 2025. Àtúnṣe kéékèèké ń jáde ní February, May, August àti November. Oracle ń kó àtúnṣe ààbò tiẹ̀ jáde ní January, April, July àti October. Ti Microsoft, déètì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni 14 July 2026 tí ìtọ́jú SQL Server 2016 dópin. Fún ìròyìn ojoojúmọ́, mò ń ka planet.postgresql.org láàárọ̀, ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí káàkiri ayé ti ń sọ ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, mi ò tíì ríbi tó dà bíi ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjì tó kù.

Ìwé ẹ̀rí wá ńkọ́? Ìdánwò Oracle kan jẹ́ 245 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Ìwé ẹ̀rí tẹ́ ẹ bá gbà nínú ìdánwò DP-300 ti Microsoft, ọdọọdún lẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dọ̀tun, àmọ́ ìsọdọ̀tun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni. Àwọn tó ń ṣe Postgres ò ní ìwé ẹ̀rí tiwọn, EDB ń ta tiẹ̀, ilé iṣẹ́ aládàáni ni. Tó bá jẹ́ pé báńkì lẹ fẹ́ wọ̀, ìwé ẹ̀rí Oracle tàbí Microsoft máa sọ̀rọ̀ fún yín. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ara yín tàbí ilé iṣẹ́ kékeré, iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè fi hàn ni wọ́n máa bèèrè.

Ohun tí mo wá sọ fún àbúrò yẹn ni pé kó gbé Postgres, kó fi ìdajì owó ẹ̀ ra bátìrì ìnfátà torí iná ò ní jẹ́ kó kàwé, kó ra dátà tó máa tó o oṣù mẹ́ta, kó kó orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kúrò nínú Excel díẹ̀díẹ̀. Ìyókù, kó tọ́jú ẹ̀ de ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ojúkojú kan. Kó tó san án, kó kọ̀wé sí wọn, kó bi wọ́n léèrè ẹ̀yà tí wọ́n máa fi kọ́ni, iye wákàtí tí ọwọ́ máa fi wà lórí kíbọ́ọ̀dù, ṣé wọ́n máa ní ká dá backup padà, àti ṣé ẹni tó ń kọ́ni máa ṣì gbé fóònù lẹ́yìn oṣù kan. Ó ti kọ̀wé sí ibi mẹ́ta. Ibì kan ṣoṣo ló tíì fèsì, 17 ni wọ́n ní àwọn máa lò, wákàtí mẹ́fà lórí kíbọ́ọ̀dù.