Kíláàsì ìdúró ajá ní Gbàgádà: ohun tí èmi àti Tanímọ̀la rí kọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá tí ẹ fẹ́ mú wọ agbo ìdíje ẹwà, ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ tó bá ní kí ẹ fi ajá sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kí ẹ padà wá mú un lẹ́yìn oṣù kan, ẹ má gbà. Ọwọ́ yín ni okùn ajá máa wà nínú agbo, ọwọ́ yín náà ló gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́. Kíláàsì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ajá bó ṣe máa dúró kí adájọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò, èèyàn ni wọ́n ń kọ́ ṣáájú ajá. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè fọwọ́ sọ̀yà fún wọn.

Abo German Shepherd ni Tanímọ̀la, Sùúrùlérè la sì ń gbé. Kó tó dé Gbàgádà, ó ti mọ "jókòó", ó ti mọ "máa bọ̀", ó sì mọ géètì ṣọ́ lóru. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí ẹran lọ́wọ́ èèyàn báyìí, ńṣe ló máa jókòó, torí ìjókòó ni wọ́n ń fún un lẹ́ran fún láti kékeré. Ajá tó bá sì jókòó níwájú adájọ́, adájọ́ ò rí itan rẹ̀, kò rí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ló fẹ́ dá lẹ́jọ́? Olùkọ́ kan tí a kọ́kọ́ lò, tí kì í ṣe ti Gbàgádà, a máa fi ṣéènì fa ọrùn rẹ̀ sókè, a sì máa tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, bí Tanímọ̀la bá ti gbọ́ ìró ṣéènì, á ká ìrù sábẹ́, á fi etí lélẹ̀. Ó dùn mí wọra. Mo ní kí olùkọ́ náà má wá mọ́.

Ní Gbàgádà, ìwé ni a kọ́kọ́ kà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀gá mú ìlànà irú ajá kọ̀ọ̀kan jáde, èyí tí FCI, àjọ àgbáyé àwọn tó ń sin ajá, fi lélẹ̀, ó ní kí kálukú wo ti ajá tirẹ̀. Ti German Shepherd sọ pé kí abo ga tó 55 sí 60 sẹ̀ǹtímítà ní èjìká, kó wúwo tó 22 sí 32 kílò, kí eyín rẹ̀ sì pé 42. Wọ́n wọn Tanímọ̀la, wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀, wọ́n kà á, ó pé. Ìgbà náà ni ọ̀gá wá ṣàlàyé ìdí tí ìdúró ajá tiwa fi yàtọ̀. Jámánì ni irú ajá yìí ti wá. Max von Stephanitz ló ṣáájú àwọn tó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1899, ajá tó lè da àgùntàn láti òwúrọ̀ dalẹ́ láìrẹ̀ ló sì ń wá. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni irú ajá bẹ́ẹ̀ fi ń ti ara rẹ̀ síwájú, òun ni adájọ́ sì fẹ́ rí kedere. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wà lọ́dọ̀ adájọ́ sẹ́yìn, kí ọrùn ẹsẹ̀ náà dúró ṣánṣán bí òpó, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kejì sì wọ abẹ́ ikùn. Apá òsì wa ni ajá ń wà, adájọ́ sì wà láàárín agbo, nítorí náà ẹsẹ̀ òsì ni à ń gbé sẹ́yìn.

Rottweiler kì í dúró bẹ́ẹ̀, Boerboel kì í dúró bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tiwọn ń tò ní déédéé ni, iwájú gún régé, ẹ̀yìn náà gún régé. Mo ti rí Boerboel tí wọ́n fipá na ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ti German Shepherd ní Èkó yìí, torí pé ẹni tó ń kọ́ ọ kò mọ̀ ju ìdúró kan lọ. Àánú ajá náà ṣe mí.

Ibi tí mo ti jẹ èrè owó mi jù lọ ni bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti fọwọ́ kan ajá. Iwájú ni à ń kọ́kọ́ tò. Ìgbọ̀nwọ́ ni à ń dì mú, a ó gbé e díẹ̀, a ó sọ ọ́ kalẹ̀ sábẹ́ èjìká gan-an. Bí ẹ bá di ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mú, ajá á fà á gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yìn ló kàn: ẹ di ẹsẹ̀ mú lókè ọrùn ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn, ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má tẹ ẹ̀yìn ajá mọ́lẹ̀ láé. Ara ajá kì í gba ipá: ẹ tì í síwájú, á fà sẹ́yìn; ẹ tẹ̀ ẹ́, á gbé ẹ̀yìn ró. Ìwà yìí kan náà ni ọ̀gá wá fi ṣe oore fún wa. Ó rọra di ìdí ìrù Tanímọ̀la mú, ó fà á sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, ni ajá bá kó gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ síwájú, àyà yọ, ọrùn nà. Mo pariwo ayọ̀ níbẹ̀.

Ẹran náà ní àyè tirẹ̀. Ẹ̀dọ̀ màlúù bíbọ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ ni à ń lò. Bí ọwọ́ bá ga jù, ajá á jókòó. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, á sorí kodò. Iwájú imú, ibi tí ẹ fẹ́ kí orí rẹ̀ wà gan-an, ni kí ọwọ́ wà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nílẹ̀ ni ẹran ń wọ ẹnu rẹ̀; bó bá yẹsẹ̀, ọwọ́ á padé. Kò sí igbe, kò sí ìgbájú. Wọ́n tún ní pákó kékeré mẹ́rin tí wọ́n fi rọ́bà bò lórí, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ajá tó bá wà lórí pákó á mọ̀ ọ́n lára bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kúrò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e padà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, a kó pákó kúrò, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wọ ìdúró: mo rìn síwájú, mo dẹ ẹsẹ̀, mo dúró, Tanímọ̀la gbé ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Orí mi wú.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ àlejò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ajá ìṣọ́lé ni ọ̀pọ̀ wa ń sìn ní Èkó. Àlejò kì í fọwọ́ kàn án, àwa náà ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ á dé, á wo eyín, á fọwọ́ tẹ èjìká àti itan, bó bá sì jẹ́ akọ, á wò bóyá kórópọ̀n méjèèjì ti sọ̀. Gbogbo ìdúró tí ẹ kọ́ á di òfo bí ajá bá sá sẹ́yìn yín. Nítorí náà a máa ń pààrọ̀ ajá. "Ìyá Tanímọ̀la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa wo eyín Bíńgò," orúkọ ajá ni ọ̀gá fi ń pe kálukú. Bàbá Bíńgò gbé agbádá wọ̀ wá lọ́jọ́ kan kí àwọn ajá lè mọ aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí wọn. Ẹlòmíì wé gèlè, ẹlòmíì ṣí agbòòrùn. Ọkọ mi ń bẹ̀rù pé olè á wá rí ajá wa fọwọ́ pa lórí. Ọ̀gá ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọ agbo ìdíje nìkan ni ká máa fi kọ́ ọ, ká má fi okùn ilé ṣe é rárá, kí ajá lè mọ iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀. Òótọ́ ni. Títí di òní, ẹni tó wá ka mítà iná ṣì ń dúró síta géètì títí n ó fi dé.

Àwọn ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn wà. Agogo méje àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń dá, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń dúró de àwọn tí gósíló mú, oòrùn á sì ti mú kí ìńtálọ́ọ̀kì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ ajá ká tó ṣe tán. Ẹni tó tètè dé kò yẹ kó jìyà ẹni tó pẹ́. Èyí tó burú jù ni ti àwọn ajá kékeré. Orí tábìlì ni adájọ́ ti ń yẹ Lhasa Apso wò, tábìlì ike tó ń mì ni wọ́n sì ní níbẹ̀. Ajá tí tábìlì bá mì lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè máa bẹ̀rù tábìlì lọ. Mo bá ọ̀gá sọ ọ́, ó ní òun máa ṣe onípákó. Ẹ̀yin tí ajá yín kéré, ẹ béèrè tábìlì yẹn kí ẹ tó sanwó. Owó oṣù kan tó iye àpò oúnjẹ ajá ńlá kan. Kò kéré, ṣùgbọ́n mo máa tún un san.

A ti wọ agbo lẹ́yìn ìyẹn. Adájọ́ ṣí ẹnu Tanímọ̀la, ó fọwọ́ wá gbogbo ara rẹ̀, kò yẹsẹ̀. Ipò kejì nínú ọ̀wọ́ tirẹ̀ ni wọ́n fún un, ìrìn ni ẹni tó ṣáájú fi jù ú lọ.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi dání, wọn ò ní ṣí géètì fún yín láìjẹ́ pé wọ́n rí i. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ. Ajá tó bá ń tiro tàbí tí ìbàdí ń dùn, ẹ kọ́kọ́ mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ má sì fún un lóúnjẹ àárọ̀ kó tó kúrò nílé, ẹ̀dọ̀ yẹn ò ní wù ú jẹ bó bá ti yó.