Bébà alẹ̀mọ́ tó ń yòrò nínú omi: ojú ọmọlangidi mẹ́fà ni mo ti fi ṣe

Ọmọlangidi aláṣọ mẹ́rìnlá ni mo ti rán kí n tó ra bébà yìí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ara wọn dára. Apá àti ẹsẹ̀ gún régé, etí aṣọ wọn ká dáadáa, irun wọn dúró. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba ìkẹrìnlá lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè, ó wò ó títí, ó wá ní, "Àǹtí, kí ló ń wò lẹ́yìn mi?" Ọmọ ọdún márùn-ún kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹyinjú òsì fi nǹkan bíi mílímítà 3 ga ju ti ọ̀tún lọ, ọmọlangidi náà sì rí bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò gbé àwòrán tí mo yà sínú ìwé dé orí aṣọ láìyẹ̀.

Kì í ṣe pé n kò tíì gbìyànjú ohun mìíràn. Mo ti tẹ aṣọ mọ́ gíláàsì fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gbé àwòrán inú ìwé jáde. Ó dára fún aṣọ funfun tó fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n aṣọ aláwọ̀ ara èèyàn dúdú ni mo fi ń rán ọ̀pọ̀ nínú tèmi, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í la irú aṣọ bẹ́ẹ̀ já. Bébà kábọ́ọ̀nù máa ń fi ìdọ̀tí sílẹ̀ níbi gbogbo tí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́. Bírò aláwọ̀ búlúù tí omi ń fọ̀ dànù kò hàn lórí aṣọ dúdú, ó sì ní ewu tirẹ̀: bí áyọ́ọ̀nù bá kàn án kí omi tó kàn án, àmì náà lè má lọ mọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí ọmọlangidi keje. Bírò tí ooru ń pa rẹ́ ló tiẹ̀ tàn mí jù. Bí ooru bá ti tó nǹkan bíi 60°C, yíǹkì rẹ̀ á di aláìláwọ̀, nítorí náà áyọ́ọ̀nù á kàn kọjá lórí rẹ̀, ilà á pòórá. Àmọ́ kò lọ síbì kankan, àwọ̀ rẹ̀ ló sùn. Bí òtútù líle bá mú un, irú èyí tó ń sọ omi di yìnyín tó sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ á jí. Ọmọlangidi tí a fi ránṣẹ́ sí ibi tí òtútù ti le lè dé ọ̀hún tòun ti gbogbo ilà tí a ti rò pé a ti pa rẹ́ lójú rẹ̀. N kò fẹ́ fi irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́.

Ohun tí mo rà yìí, bébà la ń pè é, ṣùgbọ́n bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ṣe rí lọ́wọ́. Polyvinyl alcohol ni wọ́n fi ṣe é, èròjà kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá tó bo ọṣẹ olómi inú àpò kékeré, èyí tí èèyàn ń jù sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ tòun tọ̀rá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní gọ́mù, bébà dídán kan sì bo gọ́mù náà. Ẹ ó ya àwòrán sí iwájú rẹ̀, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó ṣí bébà ẹ̀yìn, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, ẹ ó máa rán tòun taṣọ. Bí ẹ bá parí, ẹ ó rì í sínú omi, á yòrò, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ nìkan ni yóò kù. Oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ló ń ṣe irú rẹ̀. Ewé 12 ló wà nínú tèmi, ìwọ̀n A4. Mo ti lo mẹ́sàn-án: ojú ọmọlangidi mẹ́fà, àti òdòdó tí mo fi yí etí aṣọ mẹ́rin ká.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe ń ya ojú, torí bébà yìí kò lè tún àwòrán tó wọ́ ṣe. Ìwé onílà tó pín sí igun mẹ́rin kéékèèké ni mo ń lò. Mo máa ń fa ilà kan wálẹ̀ láàárín, n óò ya ìdajì ojú péré, n óò ká ìwé náà sí méjì, n óò sì tọ ìdajì kejì lára àkọ́kọ́. N kì í fi ẹyinjú sáàárín gbùngbùn orí mọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ ni mo ń fi í sí, kí iwájú orí lè gbòòrò. Konrad Lorenz, onímọ̀ nípa ìṣe ẹranko, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1943 pé iwájú orí ńlá, ẹyinjú ńlá tó wà nísàlẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún wà lára ohun tí ọmọ jòjòló ní tí a fi ń fẹ́ gbé e mọ́ra. Èmi kò nílò ìwé láti gbà á gbọ́. Sẹ̀ntímítà kan péré ni mo fi sọ ẹyinjú kalẹ̀, ọmọlangidi tó ti ń dà bí àgbàlagbà tí oorun kò tó sì di ọmọdé lójú mi. Láìpẹ́ yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ń bá mi ṣẹ̀dà ìdajì kejì láìyẹ̀, mo sì lè to ojú mẹ́jọ sórí ewé kan kí bébà má baà ṣòfò.

Lílẹ̀ ẹ́ rọrùn. Bí ó bá wọ́, ẹ lè ṣí i kí ẹ tún un lẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta, kí agbára gọ́mù tó dín kù. Mo máa ń fi aṣọ sínú férémù olóbìíríkítí tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 15, láì tíì gé orí ọmọlangidi kúrò lára aṣọ. Fọ́nrán mẹ́fà ni òwú iṣẹ́ ọnà tó wọ́pọ̀ ní. Méjì ni mo ń fà yọ fún ẹyinjú àti ìpéǹpéjú, ẹyọ kan fún ètè àti ihò imú. Back stitch, ìrán tí abẹ́rẹ́ ń padà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó lọ síwájú, ni mo fi ń yí ẹyinjú ká ná, kí n tó fi satin stitch, òwú tí a tò pẹ́kípẹ́kí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bò ó mọ́lẹ̀. Ilà tó wà lábẹ́ yẹn ló ń gbé etí rẹ̀ sókè tí kì í fi í rí jákujàku.

Níbí gan-an ni bébà yìí ti gba ọkàn mi. Ilà tí mò ń tẹ̀ lé hàn kedere, aṣọ ì báà dúdú, ì báà jẹ́ olódòdó. Kò yẹ̀, kò pa rẹ́ lábẹ́ ọwọ́. Ó tún ń mú kí aṣọ le díẹ̀, débi tí òwú kì í fi í fà á jọ. Ojú mẹ́rìnlá ni mo ti fi ojú lásán díwọ̀n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo mọ ibi tí abẹ́rẹ́ mi ń lọ kó tó wọlé.

Gọ́mù ẹ̀yìn rẹ̀ ni wàhálà. Bí abẹ́rẹ́ bá ti kọjá nínú rẹ̀ fúngbà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀, òwú á máa há. Mo máa ń fi spírítì díẹ̀ lára àjákù aṣọ nù ún. Níbi tí satin stitch bá sì ti ki pọ̀, bébà tó há sábẹ́ rẹ̀ kì í tètè yòrò, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bọ́ sí ọ̀rọ̀ omi.

Ara páálí rẹ̀ kò sọ ju pé kí a fi omi ṣàn án lọ. Mo gbé ojú àkọ́kọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ omi fún bí ìṣẹ́jú méjì. Bébà náà di yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀, mi ò rí i mọ́. Inú mi dùn. Nígbà tó gbẹ, aṣọ náà le gbagidi bí èyí tí wọ́n fi sítáàṣì sí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọlangidi sì ń dún pàpà bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Bébà kò tíì lọ, inú aṣọ ló yòrò sí, ó sì gbẹ síbẹ̀ bíi gọ́mù. Mo tún un rì sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mejì, mo ń fi ìka ra á jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn, ó wá rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe gbogbo wọn báyìí. Bí aṣọ bá ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́, ó ṣì kù nínú rẹ̀.

Ti ètè ló dùn mí jù. Ojú kejì ni mo rán dáadáa jù nínú gbogbo wọn, wákàtí mẹ́rin gbáko. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kàn án, òwú pupa sì tú àwọ̀ láti ètè dé àgbọ̀n, bí ọmọ tó ṣubú tó fi ẹnu gbálẹ̀. N kò rí i fọ̀ kúrò títí dòní. Ẹ̀bi òwú ni, kì í ṣe ti bébà, ṣùgbọ́n bébà ló mú kí omi di dandan, nítorí náà ọ̀rọ̀ méjèèjì kan ara wọn. Kí n tó fi òwú pupa tàbí búlúù tó jinlẹ̀ kan aṣọ báyìí, mo máa ń rẹ gígùn kékeré kan, n óò tẹ̀ ẹ́ sáàárín aṣọ funfun. Bí aṣọ funfun bá pọ́n, n óò ṣan òwú náà títí omi á fi mọ́, tàbí kí n wá òmíràn. Aṣọ fúnra rẹ̀ náà, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rán nǹkan kan sí i. Bó bá máa súnkì, kó yáa súnkì ṣáájú.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi tún fi òjìji díẹ̀ sílẹ̀ lórí aṣọ funfun nígbà tí mo tẹ ilà dúdú. Mo yí ilà náà sí àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ mọ́.

Ohun tó wá yí iṣẹ́ mi padà kò sí lára páálí rárá. Bébà yìí gbọ́dọ̀ wọ omi, orí tí a ti ki fáíbà, ohun rírọ̀ tó ń mú inú ọmọlangidi kún, sí kò sì yẹ kó wọ omi. Ìta á gbẹ, omi á há sáàárín fáíbà nínú fún ọjọ́ púpọ̀, á sì máa rùn. Ojú wá gbọ́dọ̀ ṣáájú orí. Tẹ́lẹ̀, n óò rán orí, n óò kì í, n óò tó wá ibi tí ojú máa gbà lára rẹ̀. Ní báyìí, mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹyinjú yóò wà nígbà tí orí ṣì jẹ́ aṣọ pẹlẹbẹ. Mo kùnà lórí ojú kẹta. Mílímítà 36 ni mo fi sáàárín ẹyinjú méjèèjì lórí aṣọ. Nígbà tí mo ki orí tán, ó di 38. Méjì péré ló fi lé, ṣùgbọ́n orí ti yípo, ẹyinjú méjèèjì ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kálukú ń wo etí tirẹ̀.

Mo wá fi àjákù aṣọ tó nípọn bákan náà rán orí ìdánwò, mo kì í bí mo ṣe máa ń ki orí gidi. Mo fi píìnì gún ibi tó wù mí kí ẹyinjú, imú àti ètè wà, mo fi pẹ́ńsù sàmì sí i, mo tú orí náà palẹ̀, mo tẹ́ ẹ, mo wọ̀n ọ́n. Mílímítà 29 ló jẹ́. Ara bátànì orí ni mo ya ojú sí láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kì í kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Ẹ tún máa wo bí òwú aṣọ ṣe rìn: aṣọ híhun sábà máa ń nà sí ìbú ju òòró lọ. Mo ń gé orí kí òòró aṣọ, ọ̀nà tó bá etí aṣọ rìn, gba iwájú orí lọ sí àgbọ̀n; ìbú á nà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ. Orí tí ẹ bá gé lódìkejì kò ní jọ ìkejì rẹ̀, bí bátànì wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Maṣíìnì mi sì máa ń wà lórí mílímítà 1.5 fún ojú ìrán orí, torí bí ìrán bá gùn jù, fáíbà á tì í ṣí.

Ojú kẹrin ló kọ́kọ́ bọ́ sí i. Mo gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó dá ti àtijọ́ padà kí n bá a tún un ṣe. Kò gbà. Ó to méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ó ní èyí tuntun ń wo òun, èyí àtijọ́ ń bá òun ṣọ́ ẹ̀yìn.

Ẹ má lo bébà yìí fún aṣọ tí kò gbọdọ̀ rí omi. Mo dán an wò lórí fẹ́ẹ̀lì onírun àgùntàn tí mo fẹ́ fi ṣe bàtà ọmọlangidi. Ó súnkì, ojú rẹ̀ sì di wúruwùru. Ẹ má sì ṣí páálí rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nìkan tó láti ká a jọ, ewé méjì tó wà lókè tèmi ká létí kí n tó kó ìyókù sínú ọ̀rá tó ní ìdè.

Bó bá jẹ́ ojú oníbọ́tìnnì lẹ ń ṣe, ẹ kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lè já bọ́tìnnì kó sì gbé e mì. Ìlànà ààbò ohun ìṣeré ilẹ̀ Yúróòpù, EN 71, kò fàyè gba ẹ̀yà kéékèèké tó lè já bọ́ lára ohun ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé oṣù 36. Nítorí ìyẹn ni mo fi dúró lórí ojú tí a fi òwú rán, nítorí ìyẹn náà ni mo fi ń bá àwọn tó ń rán ọmọlangidi fún ọmọ kéékèèké sọ̀rọ̀ gùn tó báyìí. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìkarùn-ún ni mo yọ nítorí ohun tí wọn kò kọ sára páálí: pé kí a rì í pẹ́, kí a dán òwú wò, kí a ṣe ojú ṣáájú orí.

Ewé mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ mi. Mo ti tẹ ojú mẹ́jọ sórí ọ̀kan: ẹyinjú tó ṣí, ẹyinjú tó dì fún ọmọlangidi tó ń sùn, àti ọ̀kan tó ń rẹ́rìn-ín tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, bíi ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀sẹ̀ yìí.