Àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ láti Ọ̀wàrà wọ Ṣẹ́rẹ́: ohun tí olóbì Ṣágámù kan rí sí i

Bí ẹ bá ń ta obì gbàǹja ní Ṣágámù, tí ẹ kì í ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ láti oṣù Ọ̀wàrà títí wọ Ṣẹ́rẹ́, owó yín lẹ fi ń ta tẹ́tẹ́. Oríṣi méjì ni mo ń lò: èyí tí NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ojú ọjọ́, ń gbé jáde, àti èyí tó bá fóònù mi wá láti ọjà. Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá. Mo fún ti NiMet ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ti inú fóònù gba méjì, mo sì ṣàánú rẹ̀ ni.

Àsìkò tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ gan-an ni obì ń wọ̀lú. Láti Ọ̀wàrà ni wọ́n ti ń ká a lóko ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Òdè-Rẹ́mọ, ní ẹ̀bá Ìkẹ́nnẹ́, títí ọdún tuntun á fi dé. Òjò àrọ̀kúrò á pàdé rẹ̀ lọ́nà, ọyẹ́ á pàdé rẹ̀ nínú agbọ̀n. Obì kì í sì í ṣe ọjà tí èèyàn ń kó jọ bí ìṣó. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, á bu, á rà. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, ara rẹ̀ á hunjọ, awẹ́ rẹ̀ á máa yà kúrò lára ara wọn, oníbàárà tó ti Òkè Ọya wá á gbọ̀n ọ́n wò lọ́wọ́, á ní, "Ìyá, goro yìí ti gbẹ o." Ẹ̀yin náà mọ iye tó máa dá lé e lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti ọlọ́dọọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni NiMet máa ń gbé e jáde: ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò parí, bí àkókò òjò yóò ti gùn tó, bí ọ̀dá inú oṣù Ògún yóò ti pẹ́ tó, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Aládùúgbò mi kan ní Sábó máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbàkúùgbà tí òjò bá já lù wá nínú oṣù Ọ̀pẹ. Á ní, "Ṣebí wọ́n ní ó ti parí!" Mo ti ṣàlàyé fún un títí. Bí wọ́n bá ní òjò yóò parí lọ́jọ́ báyìí, omi inú ilẹ̀ ni wọ́n ń rò, pé láti ọjọ́ náà lọ kò ní tó bọ́ irúgbìn mọ́. Wọn kò sọ pé ẹ̀kán kan kò ní kán. Lọ́dọ̀ wa níbí, òjò máa ń yọjú nínú oṣù Ọ̀pẹ, kódà nínú Ṣẹ́rẹ́ nígbà mìíràn. Àgbẹ̀ ni ọjọ́ yẹn wà fún. Èmi fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí ti ojoojúmọ́ ni.

Ti ojoojúmọ́ yẹn ló bọ́ sí mi lọ́wọ́ jù. Ọ̀fẹ́ ni, dátà tí ẹ ó fi wò ó lórí Facebook tàbí X wọn nìkan ni ẹ ó san. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí àríwá, àárín gbùngbùn àti gúúsù, wọ́n á sọ ti àárọ̀, wọ́n á sọ ti ọ̀sán títí di alẹ́, wọ́n á sì dárúkọ àwọn ìpínlẹ̀ tí àrá àti òjò lè dé. Pípín tí wọ́n pín àárọ̀ sọ́tọ̀ sí ọ̀sán yìí dára púpọ̀. Bí a bá ti rẹ obì sómi, tí a bó awọ funfun ara rẹ̀, tí a ṣàn án, ó gbọ́dọ̀ rí wákàtí díẹ̀ lábẹ́ ibòji kí omi ara rẹ̀ fi gbẹ kó tó wọ agbọ̀n. Òjò àrọ̀kúrò kì í sábà yọ wá lẹ́nu láàárọ̀. Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló máa ń já. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àrá lè sán ní Ògùn lọ́sàn-án, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á ti fọ obì láàárọ̀ kùtùkùtù, ọjà á sì ti wọlé kí ojú ọ̀run tó ṣú.

Mo máa ń ka ti àríwá pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ olóbì ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kí ló kàn wá kan Kánò. Ibẹ̀ ni obì ń lọ! Ọkọ̀ tó bá gbé e ní Sábó yóò gba Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Jẹ́bà, kó tó forí lé òkè lọ́hùn-ún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè lónìí ló ń bọ̀ wá bá wa. Aṣálẹ̀ ni eruku ọyẹ́ ti ń dìde, pàápàá ní àfonífojì Bodélé lórílẹ̀-èdè Chad, afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn ló sì ń gbé e wá. Bí wọ́n bá kéde pé eruku ti dìde ní Chad àti Niger, àwọn ará Kánò àti Katsina ló máa kọ́kọ́ rí i. Kó tó dé Rẹ́mọ, èèyàn ṣì ní ọjọ́ kan tàbí méjì láti fi múra. Nínú òwò obì, ọjọ́ méjì pọ̀ gan-an. Iye kìlómítà tí ojú lè ríran dé tí wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ òfurufú ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wálẹ̀ sí kìlómítà kan lókè ọ̀hún, èmi náà á ti máa ṣírò ewé tí màá fi tẹ́ agbọ̀n obì.

Ohun tí mo fi ń yìn wọ́n jù ni pé wọ́n ń ya kùrukùru sọ́tọ̀ sí eruku ọyẹ́. Ẹni tó bá jí nínú oṣù Bélú, tí kò rí ìparí títì Màkún mọ́, á ní ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ kọ́. Kùrukùru ni: ó ń sẹ ìrì sórí páànù, dígí ọkọ̀ á máa ṣomi, nígbà tó bá sì fi máa di aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, oòrùn á ti tú u ká. Afẹ́fẹ́ òkun ṣì ni, ọ̀rinrin ló kún inú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń ti Ṣágámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní ìdájí ló yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀. Obì kò ní ẹjọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ní tirẹ̀ kì í lọ bí oòrùn bá yọ. Oòrùn fúnra rẹ̀ á kàn ràn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lókè bẹ́ẹ̀, ẹ ó tẹjú mọ́ ọn, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Aṣọ tí ẹ sá sílẹ̀ lálẹ́ á ti gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun, àfi kí ẹ wá òrí. Lóru, ó lè tutù dé bíi 18 tàbí 19 lórí ìwọ̀n Celsius, kí ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà gbóná ju 32 lọ. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárọ̀ oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ lè já wá sí ìsàlẹ̀ 40 lọ́sàn-án ọyẹ́. Gbígbẹ yìí ló ń pa obì, kì í ṣe otútù. (Ẹ bá mi sọ fún ọmọ iṣẹ́ mi tó ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo agbọ̀n.)

Ó yá, èyí tó wà nínú fóònù. Orúkọ rẹ̀ kò ṣe pàtàkì, ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀. Gbogbo ọjọ́ inú oṣù Ọ̀wàrà ló ya ìkùukùu àti ìlà omi sí. Kí ni kí n fi ìyẹn ṣe? Òjò àrọ̀kúrò kì í rọ̀ káàkiri. Ó lè da Màkún láàmú kí ilẹ̀ Sábó má tilẹ̀ rin. Ìṣirò tí fóònù ń gbà wá, àgbègbè tó fẹ̀ ló ń fi ojú kan wò, kò mọ ààlà àdúgbò. Láti Bélú lọ, oòrùn roboto ló máa ń yà, ìbáà jẹ́ ojúmọ́ tó mọ́ kedere, ìbáà jẹ́ eruku. Ní ti 60 nínú ọgọ́rùn-ún tó máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òjò, àwọn kan rò pé òjò yóò gba ìdajì ọjọ́ náà kọjá ni. Rárá o. Bí a bá rí ọjọ́ mẹ́wàá tí ojú ọ̀run wọn rí bákan náà, bíi mẹ́fà nínú wọn ni òjò yóò rọ̀. Ẹni tó fẹ́ fọ obì láàárọ̀ kò rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ìràwọ̀ méjì tí mo fún un, ti òǹkà ọ̀rinrin ni. Ẹ fi ìka ti àwọn àwòrán yẹn sókè. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi pamọ́ sí, pẹ̀lú ọfà tó ń sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Bó bá ṣì ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Bó bá ti yí sí àríwá ìlà-oòrùn, tí òǹkà ọ̀sán sì ń já wálẹ̀, ẹ sáré.

Ọ̀dọ̀ àwọn eléwé lẹ ó sáré lọ. Ewé gbòdògì tí a fi ń tẹ́ agbọ̀n ló ń di ọ̀rinrin mú fún obì, ọyẹ́ sì kọ́kọ́ ń ba ewé náà jẹ́: á gbẹ, á máa fọ́ pẹ́pẹ̀pẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ bá wọ̀lú ni gbogbo olóbì ń wá ewé lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ á fò sókè lójú yín báyìí. Èmi á ti ra tèmi láti ìgbà tí eruku ṣì wà ní Chad. A ó pààrọ̀ ewé àtijọ́, a ó gbé agbọ̀n kúrò lójú fèrèsé, a ó fi àpò tí a rẹ sómi tí a fún dáadáa borí rẹ̀. Mo tún ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ọ̀rinrin, mo gbé e kọ́ ara ògiri ìsọ̀. Kò wọ́n, bátìrì tíntìntín ló ń lò, ó sì dára ju fóònù lọ nítorí afẹ́fẹ́ tó kan obì mi gan-an ló ń wọ̀n. Hajia tó wà ní ìsọ̀ kejì rò pé aago ni. Ó ti bi mí ìdí tí kì í fi í lọ déédéé.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ lára ti NiMet ńkọ́? Ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń dárúkọ, ìpínlẹ̀ Ògùn sì fẹ̀. Ìmẹ́kọ tó wà létí ààlà ilẹ̀ Benin gbẹ ju ọ̀dọ̀ wa lọ, Ògùn Waterside tó wà létí ọ̀sà tutù jù wá lọ, orúkọ kan náà ni gbogbo wa sì ń jẹ́. Wọ́n tún máa ń ya àwọn ìlú inú ilẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti etí òkun. Àwa ará Rẹ́mọ kò gbé etí òkun, òkun kò sì jìnnà sí wa. Èmi máa ń ka méjèèjì: ti etí òkun nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, ti inú ilẹ̀ bí ọyẹ́ bá ti mú. Ibùdó wọn kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde nítòsí wa níbí; bí wọ́n bá lè máa ka òǹkà tí ibẹ̀ bá wọ̀n sétí wa lórí rédíò láràárọ̀, lédè wa, màá dá ìràwọ̀ karùn-ún padà kíá. Rédíò tí mo ń gbọ́ máa ń sáré ka ti gbogbo Nàìjíríà láàárín ìkéde òkú àti ìpolówó àgbo jẹ̀dí ni.

Ẹni tí kò ta obì náà lè lò ó. Bí ọmọ ilé yín bá ní ikọ́ fée tàbí fọ̀níkú-fọ̀ladìde, ìkéde eruku àti otútù òru wọ̀nyẹn tó fún yín láti wá aṣọ tó nípọn àti oògùn sílẹ̀.

Ọyẹ́ kì í jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ wa tó bó ṣe ń pẹ́ ní Kánò. Afẹ́fẹ́ òkun á padà wá tì í sẹ́yìn, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ péré. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá ti ní kùrukùru tún ń bọ̀ ní gúúsù, ẹ ká àpò tútù yẹn kúrò lórí agbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ yí obì, ẹ ṣa èyí tó bá ti bu. Kí ẹ sì jẹ́ kí ewé gbẹ omi ara rẹ̀ tán kí ẹ tó ní kí àwọn onímọ́tò wá dì í.